Bí A Ṣe Ń Yẹ Àkọsílẹ̀ Ìwádìí Wò fún Jọ́nà Ìṣègùn

Kí jọ́nà ìṣègùn tó tẹ ìwádìí kan jáde, olóòtú rẹ̀ sábà máa ń fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ náà bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe mọ̀ ọ́n, kí wọ́n lè sọ bóyá ohun tó wà níbẹ̀ ṣeé gbà gbọ́. Èyí ni àyẹ̀wò akẹgbẹ́. Olùyẹ̀wò kì í ṣe adájọ́: ìmọ̀ràn ló ń gba olóòtú, olóòtú ló ni ìpinnu.

Bí ọ̀rẹ́, ìjà, ìdíje tàbí owó bá wà láàárín olùyẹ̀wò àti àwọn olùwádìí náà, kí ó sọ ọ́ fún olóòtú kí ó tó gba iṣẹ́ náà. Àṣírí ni àkọsílẹ̀ ọ̀hún. Kò gbọdọ̀ fi han ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, kò sì gbọdọ̀ gbé e sínú ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí kò dáni lójú pé yóò pa àṣírí mọ́.

Abala tó sọ bí wọ́n ṣe ṣe ìwádìí ló yẹ kí ó pẹ́ sí jù, nítorí pé a lè tún èdè tí kò dán mọ́rán kọ, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fi gègé tún ìwádìí tí wọ́n ti gbé gba ọ̀nà àìtọ́ ṣe. Bó bá jẹ́ ìdánwò oògùn, ṣé kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti pín àwọn aláìsàn sí ìsọ̀rí? Ṣé ẹni tó ń wọn àbájáde mọ ẹni tó lo oògùn gidi? Àwọn tó yọwọ́ kí ìdánwò tó parí ńkọ́? Láti ọdún 2005 ni ICMJE, ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn lágbàáyé, ti ń béèrè pé kí wọ́n forúkọ ìdánwò sílẹ̀ ní gbangba kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó wọlé. Nítorí náà, kí olùyẹ̀wò ṣí ìforúkọsílẹ̀ yẹn, kí ó fi wé àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: bí wọ́n bá ti ní ikú làwọn yóò kà, tó wá jẹ́ pé ìrora ni wọ́n ń pariwo nísinsìnyí, ó ní ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Ìlànà CONSORT, tó kọ́kọ́ jáde ní 1996, to ohun tó yẹ kí ìròyìn irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ní; ṣùgbọ́n kéèyàn tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ kò ní kí ìwádìí tí kò dára di dáradára.

Kí ó ṣọ́ra fún iye tó ń dán lójú. Oògùn tó dín ikú kù láti ẹni 2 nínú 1,000 sí ẹni 1 dín in kù ní ìdajì lóòótọ́, síbẹ̀ ẹnì kan péré nínú ẹgbẹ̀rún ló yọ. Kí ó ní kí wọ́n kọ iye méjèèjì.

Kò sí ẹni tó lè rí gbogbo àṣìṣe. Nínú ìdánwò kan tí BMJ, jọ́nà ìṣègùn ilẹ̀ Bírítéènì, ṣe, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1998, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àléébù 8 sínú àkọsílẹ̀ kan, nǹkan bí 2 ni olùyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan sì rí ní ìpíndọ́gba. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí olùyẹ̀wò sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ, pàápàá nípa ìṣirò, kí olóòtú lè wá ẹlòmíràn kún un.

Nínú ìròyìn rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ohun tí ìwádìí náà rí, kí ó tó sọ àwọn àléébù ńlá, kí àwọn kéékèèké tẹ̀ lé e, kí ó sì tọ́ka sí ojú ìwé. Ìfura pé wọ́n parọ́ tàbí jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kò sí fún etí àwọn olùkọ̀wé; inú lẹ́tà sí olóòtú nìkan ló ń lọ, níbi tí ìmọ̀ràn pé kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́ náà máa ń wà. Bí àtúnṣe bá padà dé, èsì àwọn ìbéèrè àkọ́kọ́ ni yóò yẹ̀ wò, kì í ṣe pé kí ó tún hú ẹjọ́ tuntun tó ti lè sọ tẹ́lẹ̀ jáde.