Iná tí kò ṣe é pa: bí ẹ̀rọ ìfọ kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ ṣe ń kúrò lórí gáàsì

Ẹ̀rọ ìfọ kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń dè mọ́ inú bọ́ọ̀sì kò ní àṣírí púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì kan ló ń yí pọ́ǹpù omi, òun náà ló ń yí bulówà tó ń fa omi ìdọ̀tí padà sínú táǹkì. Ohun tó ń gbé omi náà kaná ló yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì. Lára àwọn tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé ní tòkunbọ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ pé gáàsì propane ni wọ́n fi ń se omi: sílíńdà kan, rẹ́gúlétọ̀ kan, àti bọ́nà tó ń jó lábẹ́ páìpù tí wọ́n ká bí ejò.

Tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá dé Àkúrẹ́, gáàsì ìdáná ni wọ́n ń rọ sí i, butane ló sì pọ̀ jù nínú tiwa. Propane ń hó ní ìwọ̀n -42 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, butane ń hó nítòsí òdo. Ìyàtọ̀ yìí kì í hàn lórí sítóòfù tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, nítorí gáàsì tí sítóòfù ń mu kò tó nǹkan. Ti ẹ̀rọ yìí yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ó ń tú omi lítà 4 jáde ní ìṣẹ́jú kan, omi táǹkì wà ní ìwọ̀n 27, a sì fẹ́ kó dé 90. Ooru tí iṣẹ́ yẹn ń fẹ́ ju kìlówáàtì 17 lọ. Bí bọ́nà bá sì ń fi díẹ̀ ṣòfò, gáàsì tó lé ní kílò kan ààbọ̀ ló ń lọ ní wákàtí kan. Olómi ni gáàsì inú sílíńdà, kò lè jó àfi tó bá kọ́kọ́ hó, ara sílíńdà ló sì ti ń gba ooru tó fi ń hó. Sílíńdà kílò 12.5 kò lè pèsè ooru yẹn kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, á tutù, ipá gáàsì á lọlẹ̀, omi á sì di lọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà tí gáàsì ṣì kù rẹpẹtẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Alágbàká á rò pé wọ́n yàn án jẹ níbi tó ti rọ gáàsì ni.

Ti ewu tún wà níbẹ̀. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà tó bá jò, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọkọ̀ ló ń dùbúlẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ta pàrà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nílò àlàyé ju ìyẹn lọ.

Ooru ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń rọ́pò gáàsì, ó sì ti wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ibí yìí gan-an ni àṣìlóye kan ti máa ń bí ni nínú. Wọ́n á ní bí a bá fi ẹ́ńjìnnì se omi, bẹntiróòlù tó máa jẹ á pọ̀ sí i. Rárá o. Nínú epo tí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń jó, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń di iṣẹ́. Ìyókù ń gba rédíétọ̀ àti sàlẹ́ńsà jáde sí afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń fi kìlówáàtì 12 yí bulówà àti pọ́ǹpù ń da èyí tó ju 30 lọ nù, yálà a gbà á tàbí a kò gbà á. Owó ooru yẹn ti wà nínú epo tí a rà. Àfi bí wẹ́dà bá fún ọ̀nà èéfín pa jù nìkan ni ẹ́ńjìnnì á máa mí sókè.

Ilẹ̀ tiwa sì tún gbè é. Ní ìlú òtútù, omi táǹkì lè wà ní ìwọ̀n 5 nígbà ìrì dídì. Tiwa kì í lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kódà lówùúrọ̀ ọyẹ́, nítorí náà ooru tí a ní láti fi kún un kéré sí tiwọn.

Ní ti kíkọ́ rẹ̀, àpótí ooru méjì ni wọ́n ń fi sí i. Ọ̀kan wà lójú ọ̀nà omi rédíétọ̀, èkejì wà lójú ọ̀nà èéfín. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, omi ìfọ̀ ń gba inú páìpù tirẹ̀ kọjá, kò bá ohun gbígbóná náà pò, ooru nìkan ló ń ré kọjá. Ọ̀dọ̀ rédíétọ̀ ni omi tútù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà, kó tó wá lọ sọ́dọ̀ èéfín. Omi rédíétọ̀ kì í sábà ju ìwọ̀n 95 lọ, èéfín sì ń jáde ní ọgọ́rùn-ún lọ́nà mélòó kan. Ẹni tó bá yí i po, tó ti ọ̀dọ̀ èéfín bọ̀ sọ́dọ̀ rédíétọ̀, tí omi náà bá ti gbóná ju ti rédíétọ̀ lọ, á kàn máa gbé ooru padà fún ẹ́ńjìnnì ni. Rédíétọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kúrò, torí òun ló ń gba èyí tí omi ìfọ̀ kò bá gbà tán.

Gbogbo èyí, wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè ṣe é. Ìgbà tí ọwọ́ bá kúrò lórí trígà, ìyẹn ohun tí ẹni tó ń fọ̀ ń fà lára ọ̀pá kí omi lè jáde, ni iṣẹ́ gan-an wà.

Ìyá tó ń yan gàrí lẹ́bàá ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ká ní gáàsì ló fi ń yan án, tí ẹnìkan pè é, á kàn yí i pa ni. Àmọ́ igi ló dá. Bó bá dìde, igi kò mọ̀ pé èéfọ́ igbá tí wọ́n fi ń rò ó ti dúró. Ohun méjì ló lè ṣe: kó fa igi sẹ́yìn kúrò lábẹ́ agbada, tàbí kó kó gàrí kúrò sínú ọpọ́n. Bó bá gbàgbé, èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí agbada ló ń kọ́kọ́ jóná, nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì funfun tó ń tan ènìyàn jẹ.

Bí ti àpótí èéfín ṣe rí nìyẹn. Tí trígà bá ti padé, omi dúró sójú kan nínú páìpù, èéfín ṣì ń kọjá lára rẹ̀. Omi yẹn kò ní hó kó pariwo, nítorí ipá pọ́ǹpù wà lórí rẹ̀: níbi ipá báà 20 (báà ni wọ́n fi ń wọn ipá), ó ń ré kọjá ìwọ̀n 200 kí omi tó hó. Yóò kàn máa gbóná ní dákẹ́dákẹ́. Ìgbà tí ẹni tó di ọ̀pá mú bá tún fa trígà, omi bọ́ lọ́wọ́ ipá, ó di oru gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà, ó ya họ́ọ̀sì tàbí kó bó ènìyàn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbé ojú ìwọ̀n-ooru síbi tó jìnnà sí àpótí, òkè gàrí funfun ló máa fi hàn. Ẹnu ibi tí omi ti ń jáde nínú àpótí èéfín gan-an ló yẹ kó wà.

Fífa igi sẹ́yìn ni ìlẹ̀kùn kékeré tí wọ́n ń fi sínú ọ̀nà èéfín, tó ń darí èéfín gba ẹ̀yìn àpótí lọ. Kíkó gàrí kúrò ni fáàfù tó ń ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí omi bá dé bíi 110, tó ń da omi gbígbóná sínú táǹkì ìdọ̀tí kí tútù lè wọlé. Fáàfù nìkan tó láti gba ẹ̀mí là, àmọ́ omi ni yóò máa fi ṣòfò. Méjèèjì ló yẹ kó wà.

Wáyà tó ń ṣí gáàsì tẹ́lẹ̀ ló wá dára jù lára ẹ̀rọ àtijọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé sọ nù. Níbẹ̀, iná mànàmáná túmọ̀ sí pé kí omi máa gbóná. Tí wáyà bá já, gáàsì padé, iná kú. Ẹni tó ṣe é gbọ́n. Kí wọ́n so wáyà kan náà mọ́ ìlẹ̀kùn èéfín: iná mànàmáná dé, èéfín kọjú sí omi, iná mànàmáná lọ, sípíríǹgì fà á kúrò. Àwọn kan ń so ó ní òdìkejì, tó jẹ́ pé iná ló gbọ́dọ̀ dé kí ooru tó kúrò, fíúsì kan ṣoṣo tó bá jó sì ti tú gbogbo ètò náà ká. Nítorí ìyẹn náà ni fáàfù tó ń da omi nù kò fi gbọ́dọ̀ gbára lé iná mànàmáná.

Àpótí yìí kò lè ṣe gbogbo ohun tí bọ́nà ń ṣe. Ìṣẹ́jú mélòó kan gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ́ńjìnnì tó móoru, ooru rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bí iṣẹ́ bulówà ṣe ń pọ̀ tó ń dín. Bí ènìyàn méjì bá ń fi ọ̀pá méjì fọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, omi yóò máa tutù bọ̀. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bọ́nà gáàsì ṣì jù ú lọ.