Ìdá Mẹ́fà Nínú Kí Ni? Bí Owó Ìmọ̀ Ìbílẹ̀ Ṣe Ń Rìn Láti Ọjà Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Tó Ni Ìmọ̀

Ní oṣù Kẹta ọdún 2003, àwọn San, tí wọ́n ti ń gbé agbègbè aṣálẹ̀ Kalahari láti ayébáyé, fọwọ́ sí àdéhùn kan pẹ̀lú CSIR, àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ìjọba Gúúsù Áfíríkà. Hoodia ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ewéko ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn ọdẹ San máa ń jẹ kí ebi àti òǹgbẹ má baà dá wọn dúró lọ́nà. Ìdá 6 nínú 100 ló wà nínú ìwé àdéhùn náà. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ ọ́ kiri pé ìdá 6 nínú gbogbo owó tí Hoodia bá pa lọ́jà ni ti àwọn San. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àṣìṣe náà kì í sì í ṣe kékeré, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n ti gé ìdá 6 yẹn kò lè mọ bí gbogbo ètò pínpín èrè lórí ìmọ̀ ìbílẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ètò náà kò le. Olùṣèwádìí kan gbọ́ pé àwọn kan ń fi ewé báyìí wo àìsàn báyìí. Ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tí ìwádìí kàn yẹ ètò rẹ̀ wò, ó lọ bá wọn, ó béèrè, wọ́n ṣàlàyé. Ní láàbù, wọ́n yọ èròjà inú ewé náà sọ́tọ̀, wọ́n sì dán an wò. Bí ó bá ṣiṣẹ́, yunifásítì tàbí àjọ ìwádìí á gba páténtì, ìyẹn ìwé àṣẹ tó sọ pé fún nǹkan bí 20 ọdún, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi èròjà náà ṣòwò gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ẹni tó ni ìwé náà. Yunifásítì kì í sábà dá ilé-iṣẹ́ oògùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Á yọ̀ǹda páténtì náà fún ilé-iṣẹ́ kan, ilé-iṣẹ́ ọ̀hún á sì máa san owó ẹ̀tọ́ fún un lórí iye tó bá tà.

Níbo ni àwọn tó ni ìmọ̀ wọlé sí nínú èyí? Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Nagoya, ní Jàpáàn, ní ọdún 2010, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, ló dáhùn. Ó ní kí wọ́n gba ìyọ̀ǹda àwọn ará ibẹ̀ kí wọ́n tó mú ohunkóhun, kí wọ́n sì jọ fẹnu kò lórí bí èrè yóò ṣe pín. Ibi tí ọgbọ́n àdéhùn yìí wà ni àsìkò. Kí àgbà tó mọ ewé tó sọ orúkọ ewé náà, agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀: ó lè kọ̀, ó lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kọ àdéhùn wá. Ní kété tó bá ti sọ ọ́ tán, kò sí ohun tó kù tó lè fi dúnàádúrà. Àwọn San mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìwé ìlànà tiwọn jáde ní ọdún 2017, tó sọ bí olùṣèwádìí tó bá fẹ́ wọ àárín wọn ṣe gbọ́dọ̀ hùwà.

Ti Hoodia kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1995 sí 1998, CSIR béèrè fún páténtì lórí èròjà tó ń pa ebi nínú ewéko náà, ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Phytopharm ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Phytopharm náà sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún Pfizer, ilé-iṣẹ́ oògùn ní Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ́wọ́ àwọn San. Nígbà tí agbẹjọ́rò wọn fi máa jókòó ti CSIR, Pfizer ti mọ tirẹ̀, Phytopharm ti mọ tirẹ̀, wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn wọn. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n lè pín ni èyí tó bá kan CSIR fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gé ìdá 6 náà.

Ẹ fojú inú wo owó náà bí omi odò. Orísun rẹ̀ ni ẹni tó ra oògùn, tó sanwó. Láti ibẹ̀, omi ṣàn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á ní ìsọ̀, ó bu tirẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ alágbàtà, òun náà bù. Ó dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, èyí tó ní iná láti san, òṣìṣẹ́ láti bọ́, ìpolówó láti ṣe. Agbada ńlá ló gbé wá. Ìṣàn tín-ín-rín ló kọjá sọ́dọ̀ Phytopharm, ó bu tirẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ìyókù dé ọ̀dọ̀ CSIR. Ìsàlẹ̀ CSIR ni àwọn San dúró sí, wọ́n sì gbà kí wọ́n máa bu ife 6 nínú 100 tó bá débẹ̀. Ìmọ̀ ṣàn láti ọ̀dọ̀ wọn lọ sí ọjà, owó ṣàn láti ọjà padà wá, àwọn tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan sì di ìparí èkejì. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ìsàlẹ̀ odò ló kọ́kọ́ ń gbẹ. Bí ẹnì kan lókè bá sé omi, ìsàlẹ̀ náà ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú iye tí a kàn fi ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọjà mílíọ̀nù kan tà. Ká ní, lẹ́yìn tí gbogbo àwọn tó wà lókè ti bu tiwọn, ìdá 2 nínú 100 rẹ̀ dé ọwọ́ àjọ ìwádìí: 20,000 nìyẹn. Ìdá 6 nínú 100 lára 20,000 jẹ́ 1,200. Ẹni tó rò pé ìdá 6 nínú ọjà ni ti àwọn San yóò máa rò pé 60,000 ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tó jẹ́ kí ìròyìn bí irú èyí burú nìyẹn: aráyé gbà pé wọ́n ti san ẹ̀tọ́ fún onílé, wọ́n sì dẹ́kun bíbéèrè.

Lóòótọ́, àdéhùn náà tún fún àwọn San ní ìdá 8 nínú owó tí CSIR ń gbà nígbàkígbà tí ìwádìí bá dé ìpele kan. Èyí sàn, nítorí kò dúró de ọjà. Èyí tó dúró de ọjà kò dé. Pfizer jáwọ́ ní ọdún 2003. Ilé-iṣẹ́ Unilever gbà á ní 2004, ó sì jáwọ́ ní 2008, nígbà tí àyẹ̀wò rẹ̀ kò fi hàn pé ewéko náà láàbò tó tàbí pé ó ṣiṣẹ́ tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Oògùn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gba páténtì kò dé ìsọ̀ rí. Ní àkókò kan náà, àwọn mìíràn tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn ń ta ohun tí wọ́n pè ní Hoodia lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wú u nínú igbó débi pé ní ọdún 2004, àwọn orílẹ̀-èdè inú CITES, àdéhùn tó ń rí sí òwò ewéko àti ẹranko ìgbẹ́, ní kí wọ́n máa gba ìwé àṣẹ kí Hoodia tó kọjá ẹnubodè. Òwò ń lọ, ewéko ń tán, kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ kò sì gba ojú ọ̀nà tí àdéhùn là sílẹ̀.

Ní Íńdíà, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń rin àwọn òkè Agasthya ní ìpínlẹ̀ Kerala. Ó rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n kò rẹ àwọn Kani, ẹ̀yà tó ń gbé orí òkè wọ̀nyẹn, tó ń fi ọ̀nà hàn wọ́n, torí èso kékeré kan tí wọ́n ń jẹ. Àwọn Kani kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ ohun tí í ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n fi ewéko rẹ̀ hàn. Ilé ìwádìí TBGRI fi í ṣe oògùn agbára tí wọ́n pè ní Jeevani, wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ ní ọdún 1995 fún ilé-iṣẹ́ kan fún ọdún 7, ní mílíọ̀nù kan rúpíì àti ìdá 2 nínú ohun tó bá tà. TBGRI ní kí ìdajì owó méjèèjì jẹ́ ti àwọn Kani. Ìdajì! Létí, ó ju ìdá 6 lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ìdajì nínú ìdá 2 jẹ́ ìdá 1 nínú ọjà. Èyí tó dára jù nínú àdéhùn náà ni ìdajì owó ìyọ̀ǹda fúnra rẹ̀, nítorí owó yẹn kò béèrè bóyá oògùn tà tàbí kò tà.

Ibi tí ti Kani ti há ni igbó. Abẹ́ ìbòòji igi ńlá ni ewéko náà ti ń ṣe dáadáa, àwọn aláṣẹ igbó kò sì fẹ́ kí wọ́n máa kó o jáde fún títà, kí ó má baà tán. Wọ́n ti kọ bí èrè yóò ṣe pín kí wọ́n tó yanjú ẹni tó lè gbìn ín àti ibi tó lè gbìn ín sí. Òmíràn tún ni pé ìwọ̀nba àwọn Kani láti agbègbè kan ló kọ́kọ́ dá àjọ tó ń gba owó náà sílẹ̀ ní 1997, bẹ́ẹ̀ àwọn Kani pọ̀ káàkiri òkè wọ̀nyẹn, ìmọ̀ náà sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Ẹni tó mọ̀nà nìkan kọ́ ló ni ìmọ̀.

Ní èrò mi, ti rooibos ló gbọ́n jù. Igbó kékeré tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ ṣe tíì ní Gúúsù Áfíríkà ni rooibos, àwọn San àti àwọn Khoi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀ bíi tiwọn, ló sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, wọ́n fẹnu kò pé kí ìdá 1.5 nínú 100 lórí iye tí wọ́n ra ewé náà lẹ́nu oko máa lọ sọ́dọ̀ àwọn Khoi àti San. Ìdá 1.5 kò dùn létí bí 6, kò sì sún mọ́ 50. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti bù ú: kò sí páténtì tí wọ́n ń dúró dè, kò sí àyẹ̀wò tó lè kùnà, kò sí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tó lè jáwọ́ kí gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n bá ta ewé rooibos, owó ń wọlé. Nígbà tí owó àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2022, ó lé ní mílíọ̀nù 12 ráńdì. Àbùkù rẹ̀ ni pé owó ẹnu oko kéré gan-an sí iye tí wọ́n ń ta tíì náà nílùú òyìnbó, ó sì yẹ kí ìdá náà ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ibi tí wọ́n dúró sí tọ́.

Ọ̀ràn tuntun ni pé ewé ò ní láti rìn mọ́. Wọ́n lè ka DNA rẹ̀ ní láàbù kan, kí wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ilé-iṣẹ́ tó wà ní ìpẹ̀kun ayé wà á jáde láìfọwọ́ sí ìwé kankan. Ta ni wọ́n fẹ́ bá ṣàdéhùn nígbà náà? Ìpàdé tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Cali, ní Kòlóḿbíà, ní ọdún 2024 dáhùn pẹ̀lú àpò owó kan, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2025. Wọ́n ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń jẹ èrè irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ máa dá ìdá 1 nínú 100 èrè wọn, tàbí ìdá 0.1 nínú 100 gbogbo owó tó wọlé fún wọn, kí ó kéré tán ìdajì rẹ̀ sì lọ fún àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn ará ìbílẹ̀. Kò béèrè ewé wo ló di oògùn wo, kò sì dúró de ìyókù tó gba ọwọ́ mẹ́rin kọjá. Òkè odò ló ti ń bù.

Ṣùgbọ́n kò sí dandan níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá san án ru ìnáwó tí orogún rẹ̀ kò rù, nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ kì í yára láti san án. Ìjọba orílẹ̀-èdè tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà wà ló lè sọ ọ́ di òfin, kí gbogbo wọn jọ san án lọ́jọ́ kan náà.