Ọ̀gá Méjì, Ọmọ Iṣẹ́ Kan: Bí Ilé Iṣẹ́ Ọnà Ọyẹ́-Èkìtì Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Bí ọ̀dọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹnu iṣẹ́ láyé òde òní, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ fún un ni pé kó wá àgbà kan sún mọ́. Ohun tí wọn kì í sọ fún un ni pé irú àgbà méjì ló nílò. Ọ̀kan á kọ́ ọ níṣẹ́, èkejì á mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan ṣoṣo ṣe méjèèjì dáadáa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere tó ilé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì lọ́dún 1947.

Àwọn àlùfáà Kátólíìkì méjì ló dá a sílẹ̀, Fádà Kevin Carroll àti Fádà Sean O'Mahony, ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí wọ́n ń pè ní SMA. Nígbà yẹn, ère tó wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ wa, òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá. Àwọn méjèèjì gbà pé ẹni tó lè gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin àti ère Ẹ̀pà lè gbẹ́ ti ilé Ọlọ́run náà. Wọ́n pe agbẹ́gilére, wọ́n pe ahunṣọ, wọ́n sì pe àwọn tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣiṣẹ́.

Àmọ́ Carroll kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní igi gbígbẹ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sì, tó wà ní apá Kwara lónìí, ló ti rí ọ̀gá tó ń wá. George Bándélé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Aréògún, ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́gilére tí òkìkí wọn kàn jù ní gbogbo agbègbè yẹn. Bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé nígbà náà. Ọdún 1954 ló kú. Síbẹ̀, Òṣámúkò, tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ Aréògún, ló kọ́ Bándélé níṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ilé Yorùbá kò ní bi wá léèrè ìdí. Ojú àánú tí òbí fi ń wo ọmọ máa ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Iṣẹ́ náà jáde kúrò nínú ilé, ó gba ọwọ́ ẹlòmíì, ó sì padà wọlé.

Ní 1949 ni Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ dé ọ̀dọ̀ Bándélé. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni, Mùsùlùmí ni, agbẹ́gilére sì ni bàbá rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń gbẹ́gi. Ó ti lé ní ogún ọdún kí ó tó jókòó sídìí ẹlòmíì láti tún ohun tó rò pé òun mọ̀ kọ́. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ ọ. Èyí ni mo gbóríyìn fún jù lọ nínú gbogbo ìtàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ń gba owó lórí iṣẹ́ kò ní gbà kí wọ́n dá òun padà sí ìpele àkọ́kọ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Ọnà lílé ló ṣáájú: wọ́n á fi àáké gé igi títí orí, ara àti ẹsẹ̀ á fi yà sọ́tọ̀ ní gbàǹgbà. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, ìgbà yẹn ni ojú, etí àti ìka ń yọ jáde. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí gbogbo ara ère á máa jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, ẹnu ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń fín irun orí, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ. Ọ̀gá ló sábà máa ń lé ọnà, torí pé bí ìdá orí sí ara bá ti wọ́ níbẹ̀, kò sí fínfín tó lè tún un ṣe. Nítorí náà, ọjọ́ tí ọ̀gá bá ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé àáké sí odindi igi tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, ó ti fọkàn tán an nìyẹn.

Iṣẹ́ Carroll yàtọ̀ pátápátá. Ó ń wá ẹni tó máa ra ọnà. Ó ń sọ ìtàn inú Bíbélì fún àwọn agbẹ́gi, á sì jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọba tó wá kí Jésù ọmọ jòjòló fi wọ aṣọ ọba Yorùbá. Kò ní kí Lámídì di onígbàgbọ́, kò sì ní kí Bándélé má gba iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ mọ́. Inú àwọn ìjọ kan kò dùn sí i pé ọwọ́ tó ń gbẹ́ ère òrìṣà ló tún ń gbẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Carroll kò tìtorí ìyẹn pa wọ́n tì.

Ọdún 1954 ni ilé iṣẹ́ Ọyẹ́ kógbá sílé. Ibẹ̀ gan-an ni àjọṣe àwọn ọkùnrin yìí ti fi hàn bó ṣe jinlẹ̀ tó, torí kò sí òrùlé kan tó so wọ́n pọ̀ mọ́. Carroll ṣì ń bá wọn wá iṣẹ́. Lámídì gbẹ́ ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó wà nínú yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1962, ìjọba Faransé fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà Amẹ́ríkà ṣí fún un.

Àwọn tó ń ròyìn Ọyẹ́ sábà máa ń gbé àlùfáà síwájú, torí pé òun ló kọ̀wé. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí a bá yọ Carroll kúrò, Lámídì ì bá ṣì mọ iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkìkí rẹ̀ lè má ré kọjá Ìlá. Bí a bá yọ Bándélé kúrò, kí ni Carroll fẹ́ gbé lọ hàn wọ́n?

Ó kan Lámídì láti di ọ̀gá fún ẹlòmíì. Ó kọ́ àwọn ọmọ ìdílé Fákẹ́yẹ níṣẹ́, ní 1978 ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, níbi tó ti gbẹ́ ère Odùduwà ní 1987. Carroll kú ní 1993. Ní 2006, UNESCO bu ọlá fún Lámídì gẹ́gẹ́ bí ìṣúra tó wà láàyè. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, 2009, nígbà tí àwọn Fákẹ́yẹ tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti di ọ̀gá fúnra wọn, tí àwọn náà ti ní ọmọ iṣẹ́.