Ìdí tí ọwọ́ kì í fi í tètè tẹ ọlọ́kadà asáré ní Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ọ̀kadà yára ju ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lọ, pé ìdí nìyẹn tí ọwọ́ kì í fi í tẹ̀ ẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bajaj Boxer tó kún ìgboro Ifẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju bíi síísì 100 lọ. Bí ẹni tó ń gùn ún bá fún un ní gbogbo iná tó ní, agbára káká ni yóò fi kọjá kìlómítà 90 ní wákàtí kan, bí èrò kan bá sì wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpò gààrí, kò ní dé bẹ̀ rárá. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀nà Iléṣà ni òun àti Hilux àwọn ẹ̀ṣọ́ ti pàdé, wọn ò tíì ní í dé Òṣú tí Hilux yóò ti kọjá rẹ̀.

Ohun tí ọ̀kadà fi ju ọkọ̀ lọ ni pé ó tẹ́ẹ́rẹ́. Láti ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún dé tòsì kò fẹ̀ tó mítà kan. Hilux sì sún mọ́ mítà méjì. Ẹni tó bá mọ Lágere nírọ̀lẹ́ mọ ohun tí ìyàtọ̀ yìí túmọ̀ sí. Kòròpè ń dúró gbé èrò láàárín títì, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń wá ibi tí yóò ti yí, àwọn tó ń tajà sì ti gbé tábìlì wọn kọjá gọ́tà. Ọlọ́kadà yóò gba àárín gbogbo wọn kọjá, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ yóò máa fọn fèrè níbi tó wà. Bó bá wá lọ yà sí àdúgbò àtijọ́ bí Ìrẹ̀mọ tàbí Mọ̀ọ̀rè, ó bùṣe. Ọ̀nà àárín ilé níbẹ̀, ẹni méjì tó ru ẹrù kì í pàdé kí ọ̀kan má yẹ̀ fún èkejì.

Ẹ̀ṣọ́ tó bá lóye kì í lé e débẹ̀. Èrò tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Owó ọkọ̀ ló san. Bí wọ́n bá ń lé ọlọ́kadà, eré rẹ̀ yóò tún lé sí i, ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ ni yóò sì fara gbá a. Ẹ̀ṣọ́ tó bá já sójú títì láti dá a dúró náà ń fi ara rẹ̀ wewu, ìṣirò rẹ̀ kò sì le. Kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin ìrìnnà ilẹ̀ yìí fi ṣe òpin eré alùpùpù, ì báà jẹ́ inú ìlú, ì báà jẹ́ ojú ọ̀nà láti ìlú sí ìlú. Ẹni tó ń sá 50 ń gba nǹkan bíi mítà 14 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń sá 80 ń gba mítà 22. Ká ní ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ sí ọlọ́kadà tó ń sá 80 nígbà tó ku mítà 40 kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tí yóò fi dé ibi tí ẹ̀ṣọ́ dúró sí. Ṣé yóò lè dúró? Lórí ọ̀dà tó gbẹ, pẹ̀lú bíréèkì tó dáa, ẹni tó ń sá 50 nílò bíi mítà 28 láti ìgbà tó ti rí nǹkan títí yóò fi dúró. Ẹni tó ń sá 80 nílò bíi 57. Àwọn bíréèkì tó wà nígboro ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìṣòro tó tún wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ eré sísá ni pé kì í dúró de ẹlẹ́rìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí ìjọba ní dandan ni kí gbogbo ọlọ́kadà dé àṣíborí, àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà, àwọn èrò kan sì ń bẹ̀rù pé wọ́n lè ti fi oògùn sínú èyí tí ọlọ́kadà bá gbé fún wọn. Ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà ṣeé mú lò, torí pé orí tí kò dé nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe wà títí wọn yóò fi dá ọ̀kadà dúró. Eré kò rí bẹ́ẹ̀. Gbàrà tí ọ̀kadà bá dúró, ẹ̀ṣẹ̀ ti tán lójú, ó ku “mo sáré” àti “mi ò sáré”.

Ìyẹn ni ẹ̀rọ tó ń wọn eré ṣe wà. Irú kan ń ju ìgbì rédíò síwájú, èyí tó bá kan ọkọ̀ yóò padà wá, ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín èyí tó lọ àti èyí tó bọ̀ ni ẹ̀rọ yóò fi ṣírò eré. Ọkọ̀ ńlá ló ń dá ìgbì tó pọ̀ padà. Ọ̀kadà tó wà níwájú kòròpè lè má hàn rárá, eré kòròpè ni ẹ̀rọ yóò kà. Irú kejì, tó ń lo ìtànṣán tín-ín-rín, lè ya ọkọ̀ kan sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì ń dán, pàápàá nọ́ńbà ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kò ní nọ́ńbà níwájú. Ẹ̀yìn ni tiwọn wà, lábẹ́ ìjókòó, níbi tí ẹrẹ̀ ń ta sí láti ara táyà. Tí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìfọ̀ ọ́, nọ́ńbà ti di pupa lódindi. Àwọn kan sì máa ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sókè, wọ́n á ní gbágungbàgun ọ̀nà ló ṣe é.

Ká tiẹ̀ ní wọ́n ka nọ́ńbà náà yékéyéké. Níbí gan-an ni gbogbo ètò ti ń já. Nọ́ńbà kò mọ ẹni tó gun ọ̀kadà. Ẹni tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló mọ̀. Ọ̀kadà kan lè ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Modákẹ́kẹ́, kí ìyẹn tún tà á fún ẹnìkan ní Ìpetumodù, risíìtì nìkan ni wọ́n ń fi lé ara wọn lọ́wọ́ láìlọ yí orúkọ padà. Ẹni tó sì ni ín lónìí lè má gùn ún. Ó lè jẹ́ olùkọ́, ó lè jẹ́ ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Sábó, tó gbé e fún ọmọkùnrin kan láti máa jíṣẹ́ owó ojoojúmọ́. Ọmọkùnrin náà tún lè yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálẹ́ nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Láti ara nọ́ńbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó sáré gan-an, ó lè tó ọwọ́ mẹ́rin, ìwé kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nínú òfin àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ọdún 2007, náírà 3,000 ni owó ìtanràn eré àsápajúdé. Ta ni yóò rin ìrìn ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ìyẹn?

Ètò àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó yìí kò ṣàjèjì sí Ifẹ̀. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ akitiyan tó bí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, torí bí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ṣe ń pa akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Mọ́tò tó ń sáré lójú títì gbọọrọ ni wọ́n ń bá jà nígbà náà. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìwé, ó ní nọ́ńbà níwájú àti lẹ́yìn, kò sì sí ibi tó lè yà sí. Ọ̀kadà akérò dé lẹ́yìn, ó sì bá ètò tí wọn ò dá fún un.

Àwọn ọlọ́kadà fúnra wọn tún ní ètò tiwọn. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá dúró sí Mayfair, kí ó tó pẹ́, àwọn tó ń bọ̀ láti Ọ̀nà Ìbàdàn ti gbọ́. Ẹni tó ń lọ yóò ṣẹ́ iná fún ẹni tó ń bọ̀, tàbí kó pariwo “Wọ́n wà níwájú o!” láìdẹ eré. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé yóò yà, ẹni tí ìwé rẹ̀ pé yóò rọra kọjá bí ọmọ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn mítà igba ó tún di ti tẹ́lẹ̀.

Bọ́ǹpù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àdúgbò ti dáwó jọ mọ ọ́n. Ó ń dá mọ́tò dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń mọ ọ́n gbọ́dọ̀ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà kí omi lè rí ibi gbà, àyè omi yẹn ni táyà ọ̀kadà ń gbà. Kì í tẹ bíréèkì. Ẹni tó ń rìn lẹ́bàá títì, tó rò pé ẹ̀gbẹ́ ni ààbò wà, ló wá ń bá ọ̀kadà pàdé níbẹ̀. Bọ́ǹpù tó bá máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀kadà ní láti gba títì já láti gọ́tà dé gọ́tà, kí omi gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú páìpù, owó rẹ̀ sì ju sìmẹ́ńtì àpò méjì lọ.

Ibi tí ọwọ́ ti máa ń tẹ ọlọ́kadà akérò ni ibi tí kò ti sáré: ibùdókọ̀ rẹ̀. Kò sí bó ṣe sáré tó lójú títì, yóò padà wá tò sórí ìlà, yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì, alága ibẹ̀ mọ orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ àti ẹni tó ni ọ̀kadà. Ìdádúró ọjọ́ mẹ́ta láìgbé èrò dùn ún ju owó ìtanràn lọ, torí owó ojúmọ́ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ni ọ̀kadà tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè gba kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀kadà bá gbá tó sì sá lọ, kó máa wo ibi tó ti gbé èrò, àwọ̀ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àti ohun tí wọ́n kọ sára táńkì tàbí sára rọ́bà ẹ̀yìn táyà. Ọ̀kadà tó ní “Ìyá ni wúrà” lára táńkì pupa, àwọn tó wà ní ibùdó mọ ilé tó ń sùn.

Èyí kò kan àwọn tí kì í kó èrò: akẹ́kọ̀ọ́ tó ra tirẹ̀, ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri fún oníbàárà, àwọn tó ń fi alùpùpù ńlá dárà lóru. Wọn ò ní ibùdó, wọn ò ní alága. Fún irú wọn, nọ́ńbà ẹlẹ́rẹ̀ yẹn náà ló ṣì kù, àti ìgbà tí wọ́n bá yẹ ìwé wò, tí èyí tí kò pé sì mú kí wọ́n gbé alùpùpù náà lọ sí àgọ́.