Ó borí nígbà 2,029, kò gba ife rí: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Mike Martin

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2024, Mike Martin, akọ́nimọ̀ọ́gbá bésíbọ́ọ̀lù (eré tí wọ́n ti ń fi igi lu bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan jù) ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Florida tẹ́lẹ̀, jáde láyé lẹ́ni ọdún 79. Ìròyìn pè é ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tó borí jù nínú ìtàn ìpele àkọ́kọ́ bésíbọ́ọ̀lù yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Ìròyìn kan náà tún ní kò gba ife àpapọ̀ rí. Ìyẹn rú ọ̀pọ̀ òǹkàwé lójú.

Ṣé òótọ́ ni méjèèjì?

Òótọ́ ni.

Ọdún mélòó ló fi ṣe é?

Ogójì ọdún, láti 1980 sí 2019, ní iléèwé kan ṣoṣo. Ó borí nígbà 2,029, ó pàdánù 736, ó sì ta ọ̀mì mẹ́rin. Bí ẹ bá pín in, ó lé ní àádọ́ta lọ́dọọdún. Ní oṣù Karùn-ún 2018 ló kọjá Augie Garrido, akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn tó borí nígbà 1,975. Garrido ní tiẹ̀ gba ife àpapọ̀ márùn-ún.

Kí ló wá dé tí Martin kò fi gba ẹyọ kan?

Ibi tí wọ́n ti ń du ife náà yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń ka iye ìgbà téèyàn borí. Láti oṣù Kejì títí di oṣù Karùn-ún, ẹgbẹ́ kan lè gbá eré tó lé ní àádọ́ta. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá múra dáadáa ni yóò máa lékè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yan ẹgbẹ́ 64, tí wọ́n á gbá a títí yóò fi ku mẹ́jọ. Àwọn mẹ́jọ yìí ló ń lọ sí ìlú Omaha ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ẹni tó bá sì pàdánù lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀ kó tó kan àṣekágbá ń lọ sílé. Bésíbọ́ọ̀lù ò sì dà bí eré sísá. Ẹnì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó fẹ́ lù ú, tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá lọ́jọ́ yẹn, lè pa ẹgbẹ́ tó dára jù lọ lẹ́nu mọ́. Bẹ́ẹ̀, apá tó ju bọ́ọ̀lù lónìí kò lè jù ú bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Ìgbà 17 ni Martin kó ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Omaha. Lọ́dún 1986, Arizona nà wọ́n ní àṣekágbá. Lọ́dún 1999, Miami nà wọ́n ní 6 sí 5. Àmì kan ṣoṣo!

Ṣé kò pọ̀ jù, ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bù fún ẹni tí kò gba ife?

Rárá, mi ò rò bẹ́ẹ̀. Nínú ogójì ọdún yẹn, kò sí ọdún kan tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò wọ ìdíje àpapọ̀. Ọmọ iléèwé ni àwọn tó ń gbá a fún un. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin wọ́n á lọ, á tún kó tuntun jọ. Èmi ò mọ ife tó lè wọn irú iṣẹ́ yẹn. Láti 2005, nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ni wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá tí wọ́n ń lò.

Ẹ wo Buster Posey, ọ̀kan nínú àwọn tó gbá a fún un. Ipò mìíràn ló ń gbá nígbà tó dé, lábẹ́ Martin ló ti di ahánbọ́ọ̀lù, ẹni tó ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó ń lu bọ́ọ̀lù láti hán an. Ní oṣù Karùn-ún 2008, nínú eré kan ṣoṣo pẹ̀lú Savannah State, Posey gbá gbogbo ipò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà lórí pápá, ó tún lu bọ́ọ̀lù kan kọjá odi nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ wà lórí béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn àwọn ibùdó tí wọ́n ń sá kọjá kí wọ́n tó gba àmì. Ipò ahánbọ́ọ̀lù yẹn ló fi gba ife àgbà mẹ́ta pẹ̀lú San Francisco Giants, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bésíbọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun.

Ta ló wà níbẹ̀ báyìí?

Ọmọ Martin, Mike Martin kékeré, ló kọ́kọ́ gbà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Link Jarrett dé, òun náà gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ Martin. Oṣù Kẹfà 2024, oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn ikú ọ̀gá rẹ̀, Jarrett kó wọn dé Omaha. Tennessee nà wọ́n ní 12 sí 11, ó tún pàdé wọn, ó lé wọn sílé, ó sì gba ife náà.

Kí ló pa bàbá náà?

Lewy body dementia, àrùn ọpọlọ kan tó ń ba ìrántí àti ìrònú jẹ́, ló bá a jà. Purotéènì kan ló ń gbára jọ sínú ọpọlọ. Ọkàn aláìsàn lè já gaara láàárọ̀, kó dàrú lálẹ́. Ara á máa gbọ̀n tàbí kó máa le, ó lè máa jà lójú oorun, ó sì lè máa rí èèyàn tàbí ẹranko tí kò sí níbẹ̀.

Ṣé ó ń ranni?

Rárá. Kì í sì í sábà jẹ́ àjogúnbá.

Bí ìyá mi bá ń rí ohun tí ẹlòmíràn ò rí ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pè é ní àjẹ́, ẹ má sì gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti nà án. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí a mọ ohun tí ojú àwọn ìyá àgbà ń rí ládùúgbò wa. Ẹ má bá a jiyàn lórí ohun tó ní òun rí. Ẹ tan iná, ẹ jókòó tì í, ẹ fọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ oògùn tó ń lò, kí ẹ sì mú un lọ bá dókítà ọpọlọ. Ní UCH n'Ìbàdàn, ilé ìtọ́jú wà fún àwọn àgbàlagbà nìkan. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn, àmọ́ àwọn kan wà tó ń dín ìdààmú rẹ̀ kù.

Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù gan-an nìyí: ẹ má ra oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tí orí wọn dàrú fún un fúnra yín. Àwọn kan bíi haloperidol lè mú kí ara ẹni tó ní àrùn yìí le gbagidi, wọ́n sì lè ṣekú pa á. Bí dókítà bá fẹ́ kọ ọ́ fún un, ẹ béèrè bóyá ó ti ro ti Lewy mọ́ ọn.