Àìdárúkọ àti ìdẹ́kun èébú lórí ìkànnì àjùmọ̀lò

Àìdárúkọ lórí ìkànnì àjùmọ̀lò ni kí ènìyàn máa kọ̀wé tàbí kí ó máa fèsì níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdé lórí ayélujára, láìjẹ́ kí àwọn yòókù mọ orúkọ àbísọ rẹ̀. Oríṣi méjì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a sábà máa ń dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni ti ẹni tí kò lo orúkọ kankan rárá. Èkejì ni ti ẹni tí ó ń jẹ́ ìnagijẹ kan ṣoṣo láti ọdún dé ọdún. Ẹni àkọ́kọ́ lè bú ènìyàn lónìí kí ó sì wọ inú èrò lọ, ṣùgbọ́n ẹni kejì ní iyì tí kò ní fẹ́ kí ó bàjẹ́, nítorí ìnagijẹ tí ó bá ti pẹ́ níta máa ń wúwo bí orúkọ gan-an.

Ìbẹ̀rẹ̀

Slashdot, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1997, wà lára àwọn ìkànnì tí ó kọ́kọ́ gba aláìlórúkọ láàyè, tí ó sì fi í lé àwọn òǹkàwé lọ́wọ́ láti máa fún èsì ara wọn ní máàkì. Ní Nàìjíríà, Nairaland tí Seun Osewa dá sílẹ̀ ní 2005 ní kí ẹni tí yóò kọ̀wé forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìnagijẹ tó. Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá John Suler ṣàlàyé ní 2004 pé ìfarapamọ́ àti àìfojúrinjú máa ń tú ènìyàn lára, ìtúraka náà sì lè yọrí sí òótọ́ inú tàbí sí ìkà ọ̀rọ̀.

Èébú ní èdè Yorùbá

Iṣẹ́ alábòójútó ìkànnì le ní èdè Yorùbá ju bí àwọn tí ó ṣe irinṣẹ́ rẹ̀ ti rò lọ. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ń lo asẹ́ ọ̀rọ̀, èyí tí í ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń sẹ́ ọ̀rọ̀ burúkú kúrò bí ìgbà tí a bá ń sẹ́ ògì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì ohùn sórí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù. Bí ẹnì kan bá tẹ «Ode ni baba e», ó lè jẹ́ pé ó ń yin ọmọ ọdẹ, ó sì lè jẹ́ pé ó ń pe bàbá onítọ̀hún ní ọ̀dẹ̀. Lẹ́tà o, k, o nìkan lè dúró fún oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, kí a tó wá kan èyí tí a kì í sọ ní gbangba. Asẹ́ tí ó bá gbá gbogbo wọn dànù yóò gbá àgbẹ̀, ìyàwó ilé àti awakọ̀ mọ́ ọn.

Èyí tí ó tún ṣòro jù ni òkò ọ̀rọ̀. Òwe tí a pa mọ́ ènìyàn lè má ní èébú kankan nínú, síbẹ̀ ẹni tí a pa á mọ́ yóò mọ̀. Ní ìdà kejì, oríkì Ìbàdàn ní «níbi olè gbé ń jàre olóhun», ó sì ní «ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn». Àjèjì alábòójútó lè pa gbólóhùn bẹ́ẹ̀ rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìkórìíra, nígbà tí orí ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n kì í fún ń wú. Ó dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó lè rọ́pò alábòójútó tí ó gbọ́ èdè náà dénú.

Àṣà Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ti mọ èébú tí ó ní ààlà. Ní ọdún Òkè'bàdàn, tí Abọ́kẹ̀, àwòrò òkè náà, ń ṣáájú rẹ̀, a máa ń kọ orin èébú sí ẹnikẹ́ni, ọmọdé sí àgbà, a kì í sì í bínú; ṣùgbọ́n ojú akọrin wà níta, ọjọ́ rẹ̀ sì ní iye. Ti eégún yàtọ̀: ojú rẹ̀ wà nínú ẹ̀kú, síbẹ̀ atọ́kùn ń tẹ̀ lé e, a sì sábà máa ń mọ agbo ilé tí ó ti jáde. A kò lè sọ pé ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá ti ayélujára dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìnagijẹ tí alábòójútó nìkan mọ ẹni tí ó ni ín jọ ti eégún púpọ̀: ojú pamọ́ fún èrò, ẹjọ́ sì mọ ọ̀nà ilé.

Ọ̀nà ìdẹ́kun

Lára ohun tí àwọn ìkànnì ń ṣe ni kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí àlejò bá kọ dúró títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n dín iye ìgbà tí ènìyàn lè kọ̀wé láàárín wákàtí kan kù, tàbí kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ abúni pamọ́ débi pé òun nìkan ni yóò máa rí i. Wikipedia ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe, nítorí náà a lè dá ojú ìwé tí wọ́n bà jẹ́ padà. Ti èdè Pọtogí pinnu ní 2020 pé kí ẹni tí yóò ṣàtúnṣe àpilẹ̀kọ forúkọ sílẹ̀. Dídènà àdírẹ́ẹ̀sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí ayélujára, léwu ní ìlú wa, torí pé ilé iṣẹ́ fóònù máa ń pín àdírẹ́ẹ̀sì kan fún ọ̀pọ̀ oníbàárà: a lè dènà abúni kan ní Bódìjà kí ilẹ̀kùn sì tì mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àgbowó tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Òfin

Kòríà Gúúsù fi dandan lé orúkọ gidi lórí àwọn ìkànnì ńlá ní 2007. Ní 2011, àwọn afọ́lé orí ayélujára jí àkọsílẹ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 35 ènìyàn kó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, ilé ẹjọ́ tí ó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè sì fagi lé òfin náà ní 2012. Ní Nàìjíríà, abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015 ka fífi irọ́ bú ènìyàn mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ ní 2022 pé abala náà tako ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Àtúnṣe 2024 fi í mọ sí àwòrán ìṣekúṣe àti irọ́ tí ẹni tí ó fi ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tí ó lè da ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wewu; wọ́n yọ ọ̀rọ̀ èébú kúrò níbẹ̀.