Ọrùn-ọwọ́ nìkan kọ́ ló ń ju bọ́ọ̀lù

“Fi ọrùn-ọwọ́ jù ú!” Nínú baseball, eré tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù kékeré, tí wọ́n sì ń fi igi gbá a, kò sí ọmọ tó ń kọ́ bọ́ọ̀lù jíjù tí wọn ò tíì pariwo ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Èmi náà pariwo rẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí n tó jáwọ́.

Di ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ, kí o fi ọwọ́ òsì di apá náà mú nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́. Máa ṣí ẹ̀ṣẹ́ náà, máa pa á dé. Ẹran ara tó ń le tó ń rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ yẹn ló ń darí ọwọ́ àti ìka. Ọrùn-ọwọ́ fúnra rẹ̀ kò ní ẹran kankan tí yóò fi dá agbára ṣe. Eegun kéékèèké 8 ló wà níbẹ̀, iṣan bí okùn sì ń gba ara wọn kọjá lọ sínú ìka.

Ilẹ̀ ni agbára ti ń wá. Ẹsẹ̀ á ti ilẹ̀, ìbàdí á yí, àyà á tẹ̀ lé e, ó di èjìká, ó di ìgbọ̀nwọ́, kó tó kan ọrùn-ọwọ́. Ẹ wo pàṣán: ìdí rẹ̀ lèèyàn ń dì mú tó ń fì, ẹnu rẹ̀ ló ń ta. Ọwọ́ tó bá rọ̀ á kọ́kọ́ ṣẹ́ kù sẹ́yìn nígbà tí apá ń lọ síwájú, lẹ́yìn náà ni yóò fò tẹ̀ lé e, tí yóò sì tẹ̀ díẹ̀ síhà ìka kékeré, bí ìgbà tí a ń fi òòlù kan ìṣó. Ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ló ń fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù kẹ́yìn. Àwọn ló ń mú kó máa yí lójú òfúrufú.

Mo ní ọmọ kan tó máa ń tẹ bọ́ọ̀lù mọ́ àtẹ́lẹwọ́ pinpin títí orí èékánná rẹ̀ á fi funfun. Apá tó bá le báyìí, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ á gan. Mo ní kó gbé bọ́ọ̀lù sórí ìka, kí àyè wà láàárín bọ́ọ̀lù àti àtẹ́lẹwọ́, kó dì í bí ẹni mú òròmọdìẹ. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ibi tó ń fojú sùn.

Ti igi baseball náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Nígbà tí igi bá pàdé bọ́ọ̀lù, kí àtẹ́lẹwọ́ ọwọ́ tó wà lókè máa wo ọ̀run, kí ti ìsàlẹ̀ máa wo ilẹ̀. Ọwọ́ yóò yí dà lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti lọ ni. Ẹni tó bá tètè yí i, ilẹ̀ ni yóò máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà 1,000, nǹkan bí ìpín kan péré ni igi àti bọ́ọ̀lù fi ń kan ara wọn. Ohun tí ọrùn-ọwọ́ fẹ́ ṣe ti parí kó tó dìgbà yẹn.

Ẹ má fojú kékeré wo ìrora o. Kókó ìdí igi máa ń tẹ ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, níhà ìka kékeré, níbi tí eegun kan ti yọ bí ìwọ̀, ó sì lè ṣẹ́ ẹ. X-ray lásán lè má fi í hàn. Bí ibẹ̀ bá ń dùn ọ́ tí o bá di nǹkan mú, fi ìka tọ́ ọ fún dókítà, kí o sì sọ fún un pé igi lo fi ń gbá bọ́ọ̀lù.